OHÙN INÚ Ẹ̀RỌ ÀTI OHÙN ÈDÈ WA

Àsọyé tí a sọ ní ìpàdé àwọn ọmọ Ẹgbẹ́, tí a sì tẹ̀ síhìn-ín nítorí àwọn tí kò lè wá

 

Ọ̀rọ̀ ohùn ni a gbé wá s'íwájú yín l'óní. Kì í ṣe ohùn akọrin, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ohùn agbẹjọ́rò, bí kò ṣe ohùn tí ń ti inú kọ̀ǹpútà jáde nígbà tí ẹ̀rọ náà bá ń ka ohun tí a kọ s'ójú rẹ̀ sí etí ènìyàn. Ẹlòmíràn nínú yín lè rò pé ohun ìṣeré ọmọdé ni èyí, tí kò yẹ ní ìpàdé àwọn àgbà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù bá wa lọ. Nígbà tí a bá parí ọ̀rọ̀, a ní ìrètí pé ẹ ó rí i pé ó kan ilé-ẹ̀kọ́ wa, ó kan ìwé ìròyìn Ẹgbẹ́ wa yìí, ó sì kan èdè tí àwọn baba wa fi lé wa l'ọ́wọ́.

ÀWỌN TÍ Ẹ̀RỌ Ń KÀWÉ FÚN

Kò sí àgbàlagbà kan nínú wa tí kò mọ̀ pé ojú a máa rẹ ènìyàn bí ọjọ́ orí ti ń pọ̀ sí i. Ẹni tí ó ti ń kàwé láti ìgbà èwe rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí na ìwé jìnnà sí ojú, a wá awò, títí di ìgbà tí awò pàápàá kò ní lè ràn án l'ọ́wọ́ mọ́. Àwọn mìíràn wà tí a bí l'áìríran; àwọn mìíràn sì wà tí àìsàn fọ́ l'ójú. Àwọn ẹlòmíràn tún ń bẹ tí ojú wọn dá ṣáṣá, ṣùgbọ́n tí àwọn lẹ́tà a máa dàrú mọ́ wọn l'ójú, tí a sì ń nà l'ẹ́gba ní ilé-ẹ̀kọ́ ìgbà àtijọ́ bí ẹni pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Gbogbo àwọn wọ̀nyí ni ẹ̀rọ tí ń kàwé sókè wúlò fún.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ àná. L'ọ́dún 1791 ni Wolfgang von Kempelen, ará ilẹ̀ Hungary, tẹ ìwé jáde l'órí ẹ̀rọ kan tí ó ṣe, tí ó ní ẹwìrì bí ti alágbẹ̀dẹ, tí ó sì ń pe ọ̀rọ̀ bí ènìyàn. L'ọ́dún 1939, níbi Ìpàtẹ Àgbáyé ní New York, a fi ẹ̀rọ kan tí à ń pè ní Voder han àwọn ènìyàn. Àwọn obìnrin tí a ti kọ́ ní iṣẹ́ náà ni ó ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tí ń tẹ dùùrù, ọ̀rọ̀ a sì máa jáde. L'ọ́dún 1976 ni Raymond Kurzweil ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ kan jáde tí ó lè wo ìwé títẹ̀, kí ó sì kà á sí afọ́jú l'étí. L'ọ́dún 2006 ni Michael Curran, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ọsirélíà tí òun tìkára rẹ̀ kò ríran, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ l'órí NVDA, èyí tí ń ka gbogbo ohun tí ó wà l'ójú kọ̀ǹpútà sókè. James Teh, tí òun náà jẹ́ afọ́jú, sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Wọn kò dá owó lé e. L'ọ́fẹ̀ẹ́ ni a ń gbà á títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ kan wá. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́, a mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí àìsàn ti gba ojú l'ọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó pé ọmọ ogún ọdún. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni ó fẹ́ dà. Wọ́n wá kọ̀ǹpútà tí ń kàwé fún un, inú gbogbo ènìyàn sì dùn. Ṣùgbọ́n l'ẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó dá ẹ̀rọ náà padà, ó ní òun kò gbọ́ nǹkan kan níbẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí wí pé orí rẹ̀ ni kò gbé e. Nígbà tí ẹnì kan fi etí sí ẹ̀rọ náà, ohùn ará Amẹ́ríkà ni ó ń ti inú rẹ̀ jáde, ó sì ń sáré bí ẹni tí ejò ń lé. Kò sí ẹni tí ó ti sọ fún ọmọ náà pé a lè mú ohùn náà rọra. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé a lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. A dín ìyára rẹ̀ kù, a pààrọ̀ ohùn, ọmọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́. Kí oṣù méjì tó pé, òun tìkára rẹ̀ ti ń mú un yára díẹ̀díẹ̀, títí àwa tí a ríran kò fi lè mọ ohun tí ẹ̀rọ ń sọ mọ́, tí òun sì ń gbọ́ ọ, tí ó ń rẹ́rìn-ín.

Ṣùgbọ́n ìwé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni à ń sọ yìí. Nígbà tí ó kan ìwé Yorùbá, tí í ṣe iṣẹ́ tí ó tìtorí rẹ̀ wá sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, kò sí bọ́tìnì tí a tẹ̀ tí ó ràn án l'ọ́wọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ni ó ń kà á sí i l'étí l'álaalẹ́. Ọjọ́ tí ara ọ̀rẹ́ náà kò bá yá, kò sí ìwé ní ọjọ́ náà. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, àti ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ wa l'áti ṣe sí i, ni a wá sọ.

BÍ A TI Ń YÍ OHÙN NÁÀ PADÀ

Ẹ̀rọ tí ń kàwé kò ní ohùn kan ṣoṣo. Bí a ti ń yan ẹni tí yóò ka ẹ̀kọ́ Bíbélì nínú ilé ìsìn, bẹ́ẹ̀ gan-an ni a ń yan ohùn fún un.

Ẹni tí ó bá ń lo Windows, kí ó tẹ bọ́tìnì Windows, bọ́tìnì Ctrl àti bọ́tìnì Enter papọ̀. Akàwé tí à ń pè ní Narrator yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Bí ó bá tún tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yóò dákẹ́. L'áti yí ohùn rẹ̀ padà, kí ó ṣí ibi tí a kọ Settings sí, kí ó wọ Accessibility, kí ó sì wọ Narrator. Níbẹ̀ ni yóò ti rí ibi tí a ti ń yan ohùn, ibi tí a ti ń mú un yára tàbí kí ó rọra, ibi tí a ti ń gbé e sókè tàbí kí a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, àti ibi tí a ti ń fi kún agbára rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń lo NVDA, kí ó tẹ Insert, Ctrl àti V papọ̀, gbogbo nǹkan wọ̀nyí yóò sì ṣí sílẹ̀ fún un l'ẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ojú rẹ̀ dá, tí ó kàn fẹ́ kí Microsoft Edge ka ìròyìn orí íntánẹ́ẹ̀tì sí òun l'étí nígbà tí ó ń fá irùngbọ̀n, kí ó tẹ Ctrl, Shift àti U, kí ó sì wá ibi tí a kọ Voice options sí.

Nǹkan mẹ́rin ni ó yẹ kí á mọ̀ nípa ètò yìí.

Ìkíní ni ìyára. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ó jẹ́ kí ohùn náà rọra bí ẹni tí ń ka ìwé fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Etí yóò mọ́ ọn l'ára, nígbà náà ni yóò máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá a yára ju bí etí rẹ̀ ti lè gbà lọ.

Ìkejì ni gíga ohùn, tí wọ́n kọ Pitch sí. Ẹlòmíràn wà tí ohùn tínrín kò wọ̀ l'étí, pàápàá àwọn àgbà. Kí wọ́n rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀.

Ìkẹta ni àwọn àmì ìdánudúró. Nínú NVDA, a lè pàṣẹ fún ẹ̀rọ kí ó pe gbogbo àmì l'órúkọ, tàbí kí ó pe díẹ̀, tàbí kí ó má pe ọ̀kan rárá. Ẹni tí ń ka ìtàn kò fẹ́ kí á máa pe àmì fún òun. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tí ń yẹ lẹ́tà Olóyè wò kí ó tó fi ránṣẹ́, kí ó jẹ́ kí ó pe gbogbo rẹ̀.

Ìkẹrin, tí ó sì jinlẹ̀ jù, ni ohùn ta ni a yàn. Onímọ̀ ńlá nì, Stephen Hawking ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí àìsàn gba ohùn l'ọ́wọ́ rẹ̀, lo ohùn ẹ̀rọ fún ọ̀pọ̀ ọdún títí ó fi kú l'ọ́dún 2018. Ohùn náà dún bí ti ará Amẹ́ríkà, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ Dennis Klatt, ará Amẹ́ríkà, ni ó ti sú yọ. Nígbà tí àwọn ohùn tí ó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ jáde, Hawking kò pààrọ̀ tirẹ̀. Ohùn náà ti di tirẹ̀, gbogbo ayé sì ti fi mọ̀ ọ́n. Ẹ rí i pé ohùn kì í ṣe ohun kékeré. Ẹni tí kò ríran, ohùn tí ń kàwé fún un l'ójoojúmọ́ ni ojú rẹ̀. Òun ni ó yẹ kí ó yàn án. Kò yẹ kí ẹni tí ó ta ẹ̀rọ fún un bá a yàn án, kò sì yẹ kí olùkọ́ bá a yàn án.

Àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ náà ti ń gbọ́ èyí díẹ̀díẹ̀. L'ọ́dún 2019, Google gbé ohùn kan jáde tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ Nàìjíríà. Nínú Microsoft Edge tí a dárúkọ l'ẹ́ẹ̀kan, ohùn méjì wà fún Gẹ̀ẹ́sì ti Nàìjíríà, tí wọ́n pe ti ọkùnrin ní Abeo, tí wọ́n sì pe ti obìnrin ní Ezinne. Ẹni tí ohùn ará Amẹ́ríkà bá le fún l'áti gbọ́, kí ó dán ìwọ̀nyí wò.

OHUN TÍ BỌ́TÌNÌ KÒ LÈ ṢE

Nísinsìnyí, a dé ìdí ọ̀rọ̀. Bí a bá gbé ìwé Yorùbá s'íwájú ohùn tí a kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ni a ó gbọ́? Yóò ka á bí ẹni pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Kò mọ gb, kò mọ p tiwa. Bí ó bá dé ibi lẹ́tà tí ó ní àmì l'ábẹ́, òmíràn a fò ó, òmíràn a dá a pè l'ọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá sì gbọ́ Yorùbá yóò ṣe bí ẹni tí ẹgà ń pariwo sí l'étí.

Ènìyàn kan lè wí pé, "Èdè Yorùbá jẹ́ èdè ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Bọ́tìnì tí ń gbé ohùn sókè tí ó sì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ kò ha wà níbẹ̀? Ẹ jẹ́ kí á fi tún un ṣe." Ọ̀rọ̀ yìí dàbí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin Olóyè tí à ń lu ìlù kí l'ójoojúmọ́ ni ó lè ṣe ẹlẹ́rìí wa. Gángan kéré, ohùn rẹ̀ sì ga. Ìyáàlù dùndún tóbi, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. Síbẹ̀, bí onílù méjèèjì bá kí Olóyè kan náà, oríkì kan náà ni Olóyè yóò gbọ́. Kí ni ìdí rẹ̀? Ìdí rẹ̀ ni pé ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kò sí nínú bí gbogbo ohùn ti ga tó, bí kò ṣe nínú bí ohùn kan ti ga ju èyí tí ó wà l'ẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Onílù a fún ọsán ìlù mọ́ra, a sì dẹ̀ ẹ́, ìlù a sì sọ̀rọ̀. Bọ́tìnì tí a kọ Pitch sí kò fún ọsán kankan. Ó kàn gba gángan l'ọ́wọ́ onílù ni, ó sì fi ìyáàlù lé e l'ọ́wọ́. Bí onílù náà kò bá gbọ́ Yorùbá, ìyáàlù kò ní kọ́ ọ.

Àwa tí a wà nínú Ìjọ ti rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí a kọ́kọ́ tú orin ìsìn sí èdè wa, ohùn orin òkèèrè ni a gbé lé ọ̀rọ̀ Yorùbá l'órí. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ lọ sókè, orin a fà á wálẹ̀. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, orin a gbé e gun òkè. Àwọn ìjọ a sì máa kọ ohun tí wọn kò ní l'ọ́kàn. Thomas Ekundayo Phillips, ẹni tí ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Krístì ní Èkó l'áti ọdún 1914 títí di 1962, fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ l'órí ọ̀ràn yìí, ó sì tẹ ìwé jáde l'ọ́dún 1953 l'órí bí orin Yorùbá ti gbọ́dọ̀ bá ọ̀rọ̀ Yorùbá rìn. Ohun tí Ìjọ kọ́ l'ọ́dún wọ̀n-ọn-nì ni àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ ń kọ́ nísinsìnyí: a kò lè yá ohùn ẹlòmíràn kí á sì fi sọ èdè wa. Ohùn ti Yorùbá ni a gbọ́dọ̀ ṣe fún Yorùbá.

Iṣẹ́ náà sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde l'ọ́dún 2006 l'órí ọ̀nà tí ẹ̀rọ lè gbà mọ bí ohùn Yorùbá ti ń gòkè tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ nínú gbólóhùn. L'ọ́dún 2020, àwọn onímọ̀ Google, pẹ̀lú Kọ́lá Túbọ̀sún, kó ohùn àwọn ọkùnrin àti obìnrin tí ń ka gbólóhùn Yorùbá jọ, wọ́n sì fi sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi kọ́ ẹ̀rọ. L'ọ́dún 2023, ilé-iṣẹ́ Meta fi ohùn ẹ̀rọ hàn fún èdè tí ó lé ní 1,100, Yorùbá sì wà nínú wọn. Ìwé Májẹ̀mú Tuntun tí a kà sókè ni wọ́n fi kọ́ ẹ̀rọ náà jù lọ, nítorí pé òun ni ìwé tí a rí ohùn rẹ̀ ní èdè púpọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ àwọn tí ó ti ṣáájú wa nínú ìtumọ̀ Bíbélì ṣì ń so èso. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ni púpọ̀ nínú ìwọ̀nyí ṣì jẹ́. Nígbà tí ẹ bá dé ilé, ẹ ṣí àkójọ ohùn orí kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ sì wá Yorùbá níbẹ̀. Ẹni tí kò bá rí i yóò mọ ibi tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa nì wà.

ÀMÌ TÍ A KÒ FI SÍ ÌWÉ

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa jókòó, kí ó máa dá àwọn ará òkèèrè l'ẹ́bi. Apá kan wà nínú ọ̀ràn yìí tí ó jẹ́ tiwa. Bí ohùn Yorùbá tí ó dára jù l'áyé bá wọ inú gbogbo kọ̀ǹpútà l'ọ́la, kí ni yóò kà? Ohun tí a bá kọ ni yóò kà.

Ẹ jẹ́ kí á wo gbólóhùn kan, tí a kọ bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń kọ̀wé: "Oloye ra oko tuntun." Kí ni Olóyè rà? Ó lè jẹ́ oko, tí í ṣe ilẹ̀ tí a ń ro. Ó lè jẹ́ ọkọ́, tí a fi ń ro ó. Ó lè jẹ́ ọkọ̀, tí yóò máa gùn. Ó lè jẹ́ ọ̀kọ̀, tí ọdẹ ń lò. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ṣeé rà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó sì lè jẹ́ tuntun. Bí a bá sì fi àmì sí ìsàlẹ̀, tí a kò fi àmì ohùn sí òkè, ẹ̀rọ yóò wí pé Olóyè ra ọkọ! Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rọ kò ní rẹ́rìn-ín, nítorí kò mọ̀ pé a kì í ra ọkọ l'ọ́jà.

Àwọn àgbà kan a máa wí pé ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá kò nílò àmì, àti pé àmì ń mú ojú ìwé rí wúruwùru. A bu ọlá fún ọ̀rọ̀ wọn. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó gbọ́ èdè lè fi ọgbọ́n orí mọ ohun tí akọ̀wé ní l'ọ́kàn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun náà ń padà sẹ́yìn l'áti tún gbólóhùn kà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń kàwé fún afọ́jú gbọ́dọ̀ pe ọ̀rọ̀ bí a ti kọ ọ́. Bí ó bá sì ṣì í pè, afọ́jú náà kò ní ojú tí yóò fi wo ìwé fúnra rẹ̀. Ẹyin ni ohùn. Bí ó bá bọ́, fífọ́ ni. Nínú Ìwé Àwọn Onídàájọ́, orí 12, a ka ìtàn àwọn ará Éfúráímù tí a dá dúró ní ìwọ́dò Jọ́dánì, tí a ní kí wọ́n pe Ṣíbólẹ́tì, tí wọ́n sì pe Síbólẹ́tì. Ẹgbàá mọ́kànlélógún ènìyàn ni ó ṣubú ní ìgbà náà. Nínú Bíbélì wa, àmì kékeré abẹ́ S kan ni ó ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá ní àmì kò já mọ́ nǹkan, kí ó tún orí náà kà.

Àwọn baba wa kò fojú kéré ọ̀ràn yìí. Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde l'ọ́dún 1843. L'ọ́dún 1875, a pe àpérò ní Èkó l'órí bí ó ti yẹ kí á máa kọ èdè náà. L'ọ́dún 1974, ìjọba fi àṣẹ sí àkọtọ́ tí à ń lò l'óní. A kò ṣaláìní òfin. Ìtẹ̀lé ni ó kù.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ó fi ara pamọ́. Ọ̀pọ̀ akọ̀wé, nígbà tí kò rí ẹ l'órí kíbọ́ọ̀dù, a tẹ e lásán, a sì fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀. L'ójú ènìyàn, ó jọ ẹ. Ṣùgbọ́n l'ójú ẹ̀rọ, e ni, ìlà náà kò sí. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Nínú ètò Unicode, tí gbogbo kọ̀ǹpútà ayé fi ń mọ lẹ́tà, olúkúlùkù lẹ́tà ni ó ní nọ́ḿbà tirẹ̀. Ẹ tí ó ní àmì ìsàlẹ̀ ní nọ́ḿbà tirẹ̀. É tí ó ní àmì òkè ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ tí ó ní méjèèjì kò ní nọ́ḿbà kan ṣoṣo; àmì òkè ni a ń fi lé ẹ l'órí, kí ẹ̀rọ kí ó tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá lo kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, tí ó wà nínú Windows fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ yàn án, yóò tẹ̀ ẹ́ bí ó ti yẹ. Bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ni ìwé tí a kàn ya fọ́tò rẹ̀ tí a sì fi ránṣẹ́: àwòrán ni l'ójú ẹ̀rọ, kò sí lẹ́tà kan níbẹ̀ títí a ó fi tún un yọ jáde nínú àwòrán náà.

OHUN TÍ A BẸ̀ YÍN

Nítorí náà, Alága wa àti ẹ̀yin Olóyè, ohun mẹ́ta ni a gbé s'íwájú Ẹgbẹ́.

Èkíní, kí á máa tẹ ìwé ìròyìn Ẹgbẹ́ yìí pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, l'ókè àti n'ísàlẹ̀, kí a sì máa pa ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà tí ẹ̀rọ lè kà, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí fọ́tò. Iṣẹ́ yóò pọ̀ sí i fún olùtẹ̀wé, a mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó wí pé òun ń gbèjà èdè Yorùbá, tí kò sì kọ èdè náà pé, ó dàbí ẹni tí ń ṣọ́ ilé tí ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Èkejì, kí olúkúlùkù Olóyè tí ó ní ilé-ẹ̀kọ́ ní àdúgbò rẹ̀ bèèrè bóyá NVDA wà l'órí kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ náà, àti bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ó mọ bí a ti ń yí ohùn rẹ̀ padà. Ní Ọ̀yọ́, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ti wà l'áti ọdún 1977 tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ nítorí àwọn olùkọ́ tí yóò kọ́ àwọn aláìríran àti àwọn aláìgbọ́ràn. A kò ṣaláìní ẹni tí a lè bi léèrè. Ní oṣù January ọdún 2019, ìjọba àpapọ̀ fi ọwọ́ sí òfin tí ó kọ̀ fún ẹnikẹ́ni l'áti ya aláàbọ̀-ara sọ́tọ̀ fún ìyà. Òfin dára. Ṣùgbọ́n òfin kì í tẹ bọ́tìnì. Ènìyàn ni í tẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀kẹta, kí á kó ohùn jọ. Àwọn tí ń kọ́ ẹ̀rọ nílò ohùn tí a kà láti inú ìwé tí ó ní àmì tí ó pé. Àwọn olùkọ́, àwọn tí ń ka ẹ̀kọ́ nínú ìjọ, àwọn akígbe àti àwọn akéwì wà l'áàárín wa. Kí àwọn tí ó bá fẹ́ yọ̀ǹda ohùn wọn fi orúkọ sílẹ̀, kí a sì kọ ọ́ sí ìwé pé ìfẹ́ inú wọn ni, àti ohun tí a lè fi ohùn náà ṣe àti èyí tí a kò gbọdọ̀ fi ṣe, nítorí ohùn ènìyàn jẹ́ ohun ìní rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ọmọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ó sì ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá. Ó yan ohùn tí ń ka Gẹ̀ẹ́sì fún un, ó mọ bí ó ti fẹ́ kí ó yára tó. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn yìí, tí a kọ ní èdè tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ, ẹlòmíràn ni yóò kà á sí i l'étí bí ó bá jáde l'óṣù yìí. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni yóò rí ní ọdún márùn-ún òní, ọwọ́ wa ni apá kan ìdáhùn rẹ̀ wà. A fi àbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ fún yín l'áti dìbò sí.

Kí Ọlọ́run kí ó ràn wá l'ọ́wọ́.